Ayò Títa àti Ayò Títà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òwe yìí ni mo fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ dùn mí wọra, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ náà kò dí mi lójú láti rí ohun tí ó fà á.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo àwa tí a ń kọ́ nípa èdè Yorùbá ni a mọ̀ pé ohùn ni òpó tí ó gbé èdè náà ró. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀-ìṣe méjì yìí: ta àti tà. Ti àkọ́kọ́ ni a ń lò nígbà tí ọdẹ bá ta ọfà, òun náà ni a ń lò nígbà tí àwọn àgbà bá ń ta ayò. Ti èkejì ni ti ọjà. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé wọn, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí ti èkejì a yí padà di ohùn àárín, àwọn méjèèjì a sì dọ́gba létí. Bí mo bá sọ pé 'ó ń ta ayò', ó lè jẹ́ pé ó ń ṣeré, ó sì lè jẹ́ pé ó pàtẹ ọpọ́n ayò sí ọjà Ọba. Ìgbà tí a bá sọ wọ́n di ọ̀rọ̀-orúkọ ni àṣírí ń tú: ayò títa ni eré, ayò títà ni òwò. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí ó ń tà á ni òǹtà.

Ìyàtọ̀ ohùn kékeré yìí ni gbogbo àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ìpàtẹ àwọn iléeṣẹ́ géèmù ṣe bẹ̀rẹ̀ láyé, ìdí tí ó fi máa ń já ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí géèmù kulẹ̀, àti ohun tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀ràn ńlá fún àwa ọ̀dọ́ Adó-Èkìtì.

Ilé géèmù ní Òkè-Ìlá

Òkè-Ìlá ní Adó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí mo kọ́kọ́ di páàdì géèmù mú. Yàrá kan ṣoṣo ni ilé géèmù náà. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì mẹ́ta, ẹ̀rọ PlayStation 2 mẹ́ta, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn ilé tí ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ara wa. Ní ọdún 2000 ni ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Jàpáánù. Ó lé ní 150 mílíọ̀nù tí wọ́n tà káàkiri ayé kí wọ́n tó ṣíwọ́ àtiṣe é ní ọdún 2013. Ní tiwa ní Òkè-Ìlá, wọn kò ì tíì ṣíwọ́. Bí ọ̀kan bá kú, a ó tú u palẹ̀, a ó fi ẹ̀yà ara rẹ̀ tún èkejì ṣe.

Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pe ẹni tí ó ni yàrá náà. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá nà ni yóò sanwó bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá, yóò sì dìde fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ wọlé títí agogo méjì yóò fi lù. Bí ọmọdé bá ń pàdánù ṣáá, Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ yóò jókòó tì í, yóò sì máa kọ́ ọ ní bọ́tìnì tí ó yẹ kí ó tẹ̀.

Kò jìnnà sí ibẹ̀ tí àwọn bàbá kan ti máa ń ta ayò ní ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tí mo dé Fásitì ni ó tó yé mi pé ohun kan náà ni àwa àti àwọn bàbá wọ̀nyí ń ṣe. Ilé méjìlá ni ó wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń kó sí ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tí ó bá ti jẹ 25 ti borí. Kò sí ohun tí a fi pa mọ́ nínú ayò. Ohun tí ọ̀ta rí ni ọ̀pẹ̀ náà rí. Ojú àti ìrònú ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Àwa náà nínú ilé géèmù a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó bá ń wọlé yóò kígbe pé 'Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ̀!' Ẹni tí ó ń borí yóò dáhùn pé 'Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ̀ ò gbọdọ̀ fọhùn!'

Bí mo ṣe dé ibi ìpàtẹ

Ní ọdún tí ó kọjá, mo rí ìkéde kan pé ìpàtẹ 'gaming' yóò wáyé ní Èkó. Inú mi dùn kọjá ààlà. Láti kékeré ni mo ti máa ń ka ìròyìn irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, tí mo sì máa ń wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù ẹlòmíràn. Mo fi orúkọ sílẹ̀. Oṣù méjì ni mo fi tọ́jú owó ọkọ̀. Ìdájí ni mo kúrò ní Adó, ọkọ̀ wa gba Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ó sì ti di ọ̀sán gangan kí n tó dé gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe é.

N kò rí páàdì kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ ni mo rí. Mo rí bọ́ọ̀lù tí kọ̀ǹpútà ń gbá fúnra rẹ̀, tí ènìyàn kò ní ohun kankan í ṣe sí i ju kí ó fowó lé e. Mo rí àwọn ọkùnrin oníkóòtù tí wọ́n ń fún ara wọn ní káàdì. Mo tọ ọmọbìnrin kan tí ó dúró nídìí àtẹ lọ. Mo ní, 'Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni àwọn géèmù wà?' Ó wò mí lókè-nílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Àbúrò, gbogbo èyí tí ò ń wò yìí, kí ni?' Ó fún mi ní fìlà kan àti ìwé pélébé kan tí mo lè fi ta tẹ́tẹ́ 500 náírà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dúpẹ́, mo sì jáde.

N kò ní purọ́ mọ́ àwọn tí ó ṣe ìpàtẹ náà. Wọn kò tàn mí jẹ, èmi ni n kò mọ ìtàn ọ̀rọ̀ náà. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, 'gaming' ti jẹ́ orúkọ tẹ́tẹ́ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan géèmù orí tẹlifíṣọ̀n. Òfin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1845 tí wọ́n ń pè ní Gaming Act. Òfin náà sọ pé ẹni tí ó jẹ tẹ́tẹ́ kò lè gba ilé-ẹjọ́ lọ béèrè owó náà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá, Lotteries and Gaming Authority ni ó sọ àjọ tí ó ń mójú tó tẹ́tẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ tí ó ń fi páàdì ṣeré tún gba ọ̀rọ̀ kan náà lò, ọ̀rọ̀ kan di orúkọ ohun méjì. Ó dùn mọ́ni pé Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé 'ta' kan náà ni a ń lò fún ayò àti fún tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó tẹ̀lé e kì í jẹ́ kí a ṣì wọ́n mú. Kò sí Yorùbá tí wọn yóò pè wá ta ayò tí yóò bá tẹ́tẹ́ lójú ọpọ́n.

Ìpàtẹ tí wọn kò pe eléré sí

Mo kọ́kọ́ rò pé ká ní ìpàtẹ géèmù gidi ni mo lọ, inú mi ìbá dùn. Nígbà tí mo wádìí ìtàn èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn, mo rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá.

Ní ọdún 1995 ni àwọn iléeṣẹ́ géèmù bẹ̀rẹ̀ ìpàtẹ E3 ní ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Ṣáájú ìgbà náà, abẹ́ ìpàtẹ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní CES ni wọ́n ń fara mọ́, níbi tí àwọn tí ó ń ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti gba ààyè tí ó dára jù lọ. Ní ìpàtẹ àkọ́kọ́ yẹn, Sega kéde pé ẹ̀rọ wọn tuntun, Saturn, ti wọ ọjà ní ọjọ́ náà gan-an, àti pé 399 dọ́là ni. Nígbà tí ó kan Sony, Steve Race gun orí pèpéle, ó dárúkọ iye owó PlayStation, ó ní 299, ó sì sọ̀kalẹ̀. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń sọ ìtàn yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Kì í ṣe eré. Iye owó ni.

Àwọn tí ó ń ta géèmù ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tí ó ń ṣe é, àti àwọn oníròyìn ni wọ́n dá E3 sílẹ̀ fún. Eléré kò sí lára wọn. Ọdún 2017 ni wọ́n tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn, 15,000 péré. Àwọn tí ó rà á tò fún ọ̀pọ̀ wákàtí láti fọwọ́ kan géèmù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí pé wọn kò kọ́ ibẹ̀ fún wọn.

Ohun kejì tí ó ń já eléré kulẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n fi hàn án kì í sábà rí bí ohun tí ó máa rà. Ní ọdún 2005, Sony fi fíìmù géèmù Killzone kan hàn ní E3 tí ẹnu ya gbogbo ayé. Ó hàn lẹ́yìn náà pé kì í ṣe géèmù tí ẹnikẹ́ni ń ta ni wọ́n wò. Àwòrán ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ó dà ni. Ọdún 2009 ni géèmù náà tó jáde. Ní ọdún 2012, Ubisoft fi Watch Dogs hàn níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde ní ọdún 2014, àwọn tí ó rà á pariwo pé èyí kọ́ ni àwọn rí. Bí a bá tún padà sí ọ̀rọ̀ ohùn wa, ayò títà ni wọ́n fi hàn wọ́n, ayò títa ni wọ́n rò pé àwọn rí.

Nígbà tí ó yá, àwọn òǹtà pàápàá fi ìpàtẹ náà sílẹ̀. Ní ọdún 2013, Nintendo ṣíwọ́ àtigun orí pèpéle níbẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń bá àwọn eléré wọn sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2019, Sony kò wá rárá. Àrùn kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é ní ọdún 2020, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ṣe ti ọdún 2021, wọn kò ṣe ti ọdún 2022 àti 2023. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn tí ó ni ín kéde pé ó parí pátápátá. Ìpàtẹ tí eléré kò ní ìpín nínú rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò dì í mú nígbà tí àwọn ọlọ́jà bá ṣí lọ.

Kì í ṣe pé ọ̀nà mìíràn kò sí. Tokyo Game Show ní ilẹ̀ Jàpáánù, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996, ya ọjọ́ ọlọ́jà sọ́tọ̀ sí ọjọ́ eléré. Gamescom ní ìlú Cologne ní Jámánì, tí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2009, ya gbọ̀ngàn ọlọ́jà sọ́tọ̀ sí gbọ̀ngàn eléré. Àwọn yìí mọ̀ pé títa àti títà kì í ṣe ohun kan náà, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibùjókòó tirẹ̀.

Bí tẹ́tẹ́ ṣe wọ inú yàrá

Nígbà tí mo padà sí Òkè-Ìlá, mo fẹ́ fi ìrìn-àjò mi pa Ẹ̀gbọ́n lẹ́rìn-ín. N kò bá a nínú yàrá rẹ̀ mọ́. Owó epo ni ó lé e jáde. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́. Jálá epo kan tí kò tó 200 náírà kọjá 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000 náírà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wo ni yóò san iye tí ó lè ra epo jẹnẹrétọ̀ kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù kan? Ẹ̀gbọ́n ti gbé yàrá náà fún ẹlòmíràn, ẹni yẹn sì ti sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́. Bẹ́ǹṣì wa mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀.

Ìwé pélébé tí wọ́n fún mi ní Èkó wà nínú àpò mi. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mo ti kọ́ géèmù, mo fi ìwé náà ta tẹ́tẹ́. Mo jẹ. Owó tí mo mú jáde lé díẹ̀ ní 2,000 náírà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń di páàdì mú, n kò mú kọ́bọ̀ kan wálé rí. Ẹ̀rù bà mí, nítorí pé mo mọ̀ ọ́n lára bí ó ṣe dùn tó, mo sì mọ̀ pé n kò mọ ohun kan ṣe tí mo fi jẹ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà, tí ó sì ń nà mí ní géèmù nígbà gbogbo, ti fi owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wọ yàrá náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò ṣe ìdánwò sáà yẹn. Ọ̀ta ni láàárín wa. Níbi tẹ́tẹ́, kò sí ọ̀ta, ọ̀pẹ̀ ni gbogbo wa. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ nìkan ni kì í pàdánù.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé òfin Ẹ̀gbọ́n pé kí ẹni tí wọ́n nà sanwó kì í ṣe tẹ́tẹ́? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé owó náà kò wọ àpò ẹni tí ó borí. Owó epo àti owó orí ìjókòó ni. Èkejì ni pé ẹni tí ó pàdánù lónìí lè lọ kọ́ ọwọ́ sí i kí ó sì borí lọ́la. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín eré àti tẹ́tẹ́ nìyẹn: eré ń fi ọgbọ́n kún ẹni tí ó pàdánù, tẹ́tẹ́ ń fi ìrètí òfo kún un.

Kí a má sì rò pé géèmù fúnra rẹ̀ mọ́ pátápátá. Nígbà kan, nínú géèmù bọ́ọ̀lù FIFA, wọ́n ń ta àpótí tí wọ́n dì pa fún àwọn eléré. Ẹni tí ó rà á kò mọ agbábọ́ọ̀lù tí ó wà nínú rẹ̀ títí yóò fi sanwó. Ní ọdún 2018, ìjọba ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m sọ pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ jẹ́ tẹ́tẹ́ lábẹ́ òfin wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, iléeṣẹ́ EA tí ó ni géèmù náà ṣíwọ́ àtita owó orí géèmù tí wọ́n fi ń ra àpótí ní ilẹ̀ náà. A rí i nígbà náà pé kì í ṣe Òkè-Ìlá nìkan ni tẹ́tẹ́ ti ń gba yàrá mọ́ eré lọ́wọ́.

Kí ni ṣíṣe?

Lójú tèmi, iṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀. Èkíní kan àwa tí a ń kọ́ èdè. Ẹ jẹ́ kí a máa pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Bí oníròyìn rédíò bá ń ka ìkéde 'gaming', kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá bóyá ìpàtẹ tẹ́tẹ́ ni tàbí ìpàtẹ géèmù. Ìyẹn nìkan ìbá ti gba owó ọkọ̀ mi là.

Èkejì kan àwọn aṣòfin wa. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá fagi lé òfin lọ́tìrì ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2005. Ó ní àwọn ìpínlẹ̀ ni ó láṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ọ̀rọ̀ yàrá Òkè-Ìlá ti wá sí Adó níhìn-ín, sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkìtì. A lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Kí a lọ béèrè bí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ṣe gbọdọ̀ jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́ tó, àti ọjọ́ orí ẹni tí ó lè wọ ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta kan àwọn tí ó ń ṣe géèmù. Àwọn ènìyàn wa ti ń ṣe é. Ní ọdún 2012, Abíọ́lá Ọláníran dá Gamsole sílẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Maliyo Games bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, àwọn ni wọ́n ṣe Mosquito Smasher àti Okada Ride, géèmù ẹ̀fọn àti ti ọ̀kadà tí gbogbo wa mọ̀ dunjú. Ní ọdún 2016, iléeṣẹ́ Kiro'o Games ní Kamẹrúùn gbé Aurion jáde, tí ìtàn rẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Irú àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí a ṣe ìpàtẹ fún, kí a sì gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀ fún eléré kí a tó gbé tábìlì síbẹ̀ fún ọlọ́jà. Ẹgbẹ́ wa yìí lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ àṣà tí ń bọ̀: ọpọ́n ayò ní apá kan, tẹlifíṣọ̀n àti páàdì ní apá kejì. Mo ti bá Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀rọ méjì nínú mẹ́ta ṣì ń ṣiṣẹ́, òun yóò sì gbé wọn wá bí a bá lè wá owó epo.

Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ̀. Ire o.